Fífa Ìlà Wọlé Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ àròkọ fún olùkọ́ Yorùbá rí mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ tuntun ní etí ìwé gan-an. A óò fa ìlà kìíní wọlé díẹ̀, kí ojú òǹkàwé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé, gègé pupa ni yóò rán an létí. Àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà náà ní irú àṣà yìí, ṣùgbọ́n tiwọn le ju tiwa lọ, nítorí kì í ṣe ìlà kìíní nìkan ni wọ́n ń fà wọlé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni ó ní àyè tirẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà dàbí agboolé. Inú agboolé ni ilé wà, inú ilé ni yàrá wà, inú yàrá ni àpótí wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àṣẹ kan ṣe lè wà nínú àṣẹ mìíràn: bí owó bá pé, ṣe báyìí, bí kò bá pé, ṣe bí ọ̀hún. Àwọn iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ‘bí’ ni a ń fà sí apá ọ̀tún, kí ẹni tí ń kà á lè rí wọn lójú ẹsẹ̀. Bí ‘bí’ mìíràn bá tún wà láàrin wọn, tirẹ̀ yóò wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá ní kí òun máa ka àlàfo wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ yóò ro ó. Nítorí náà ni ohun èlò ìkọ̀wé àwọn olùkọ-ètò fi ń ṣe é fúnra rẹ̀. Vim ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Bill Joy ni ó kọ baba rẹ̀, vi, ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 1976. Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, sì gbé Vim jáde ní 1991. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Ẹ̀bẹ̀ ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú àwọn ọmọ aláìní ní ilẹ̀ Uganda, ẹ̀bẹ̀ náà sì ń bẹ nínú Vim títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 2023.

Ọ̀nà mẹ́rin ni Vim ń gbà fa ìlà wọlé, ọgbọ́n wọn sì ju ara wọn lọ. Èyí tí a ń pè ní autoindent kàn ń wo ìlà tí ó ṣáájú, a sì fi tuntun sí ọ̀gangan kan náà. Smartindent mọ̀ pé níbi tí àmì { bá ti ṣí, ó yẹ kí a wọlé sí i. Cindent mọ òfin èdè C yékéyéké. Indentexpr ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ìlànà tí a kọ fún èdè kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sì ti fún un ní ìlànà, òun ni ó borí smartindent àti cindent. Ẹni tí ó bá kọ ‘filetype plugin indent on’ sínú fáìlì .vimrc, Vim yóò máa wo irú èdè tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì yan ìlànà tí ó bá a mu.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ àṣà ilé ẹni bí a kò bá sọ fún un. Shiftwidth ni a fi ń sọ iye àlàfo tí ìṣísẹ̀ kan yóò jẹ́. 8 ni Vim ń lò bí a bá dákẹ́. Expandtab ni a fi ń pàṣẹ pé kí ó máa fi àlàfo gidi sí ipò àmì Tab, nítorí àmì Tab kan lè fẹ̀ tó àlàfo 8 lójú ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ 4 lójú ẹlòmíràn. Àwọn tí ń kọ Linux ń lo àmì Tab tí ó fẹ̀ tó 8. Àwọn GNU ń lo àlàfo 2. Ìlànà èdè Python, tí a kọ ní 2001, sọ pé 4. Àwọn Linux tún ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ‘case’ wà ní ọ̀gangan kan náà pẹ̀lú ‘switch’ tí ó bí i, ṣùgbọ́n Vim a máa tì í wọlé. Ẹni tí ó bá kọ ‘set cinoptions=:0’ ti parí ìjà náà. Bí ó bá jẹ́ pé èdè kan ṣoṣo ni a fẹ́ ṣe òfin fún, inú àpò fáìlì ~/.vim/after/ftplugin ni kí a kọ ọ́ sí, kí a sì lo ‘setlocal’ dípò ‘set’, kí òfin ilé kan má baà di ti gbogbo àdúgbò.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni èyí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Apple sáré tún àṣìṣe kan ṣe nínú ètò tí ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò kí fóònù tó bá ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìlà ‘goto fail;’ ni ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, lábẹ́ ‘if’ tí kò ní àkámọ́. Nínú èdè C, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ó jẹ́ ti ‘if’ bẹ́ẹ̀. Èkejì ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ó ń fo àyẹ̀wò tí ó kù, ó sì ń jábọ̀ pé kò sí àṣìṣe kankan. Ayédèrú sì lè tipa bẹ́ẹ̀ wọlé bí ẹni gidi. Ṣùgbọ́n a fa ìlà méjèèjì wọlé dọ́gba, ojú sì gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà fún cindent, tí a tẹ ‘gg=G’ kí ó lè to gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan, yóò dá ìlà kejì padà sí ọ̀gangan ‘if’, àṣírí á sì tú. Láti 2016 ni GCC, tí ń túmọ̀ èdè C fún ẹ̀rọ, náà ti ń kìlọ̀ nípa irú ìfàwọlé tí ń tan ojú jẹ báyìí.

Python yàtọ̀ pátápátá. Guido van Rossum, tí ó gbé èdè náà jáde ní 1991, kò fi àkámọ́ pààlà. Àlàfo gan-an ni ààlà. Ká ní a ń ṣírò owó ọjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ àròpọ̀ rẹ̀. Bí ìlà ‘print’ bá wà nínú àyípo, ẹ̀rọ yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wà ní ìta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sọ̀rọ̀. Méjèèjì ni ó tọ̀nà, Vim kò sì lè mọ èyí tí ó wà lọ́kàn wa. Nítorí náà, a kì í fi ‘gg=G’ to ètò Python. Àmì >> ni a fi ń ti ìlà wọlé, << ni a fi ń fà á padà, ìṣísẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, olùkọ-ètò fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan yóò dúró.