Ìhun Gbólóhùn Àṣẹ Àyísódì Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Kò Tẹ̀lé Ìlànà Nínú Èdè Sípéènì

1.0 Ìfáárà
Nínú èdè Yorùbá, wúnrẹ̀n má ni a fi ń sọ gbólóhùn àṣẹ di àyísódì. Ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ kì í yí padà: Wá! Má wá! Èyí lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tí Yorùbá jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀ rò pé bí òun bá ti fi no ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì, ó parí. Ó mọ̀ pé ven ni ‘wá!’, ó sì sọ pé no ven. Ṣùgbọ́n ‘wọn kò ríran’ ni no ven túmọ̀ sí. Bákan náà, ẹni tí ó sọ pé no di, tí ó fẹ́ wí pé ‘má sọ’, ‘n kò fúnni’ ni ó wí. Àṣìṣe yìí kò mọ sí ìhun nìkan. Ó ń da ìtumọ̀ rú.

2.0 Ìlànà Ìṣẹ̀dá
Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó wà fún ẹni kejì ẹyọ. A óò mú ọ̀rọ̀-ìṣe bí ó ṣe wà fún ẹni kìíní ẹyọ ní àsìkò ìsinsìnyí. A óò yọ -o ìparí rẹ̀. A óò sì fi -es rọ́pò rẹ̀ bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jẹ́ ti -ar, tàbí -as bí ó bá jẹ́ ti -er tàbí -ir.

(1) decir ‘sọ’: digo → no digas ‘má sọ’
(2) venir ‘wá’: vengo → no vengas ‘má wá’
(3) salir ‘jáde’: salgo → no salgas ‘má jáde’
(4) pensar ‘ronú’: pienso → no pienses ‘má ronú’

A rí i pé ìyípadà tí ó wà nínú digo àti vengo ni ó bá wọn dé inú àṣẹ àyísódì.

Àwọn tí -o kò parí tiwọn báyìí ni a ní láti há sórí:

(5) ir ‘lọ’: no vayas, ser ‘jẹ́’: no seas, estar ‘wà’: no estés, dar ‘fún’: no des, saber ‘mọ̀’: no sepas.

3.0 Ọ̀wọ̀ àti Iye
Ẹ má wá lè jẹ́ fún àgbà kan tàbí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èdè Sípéènì ya méjèèjì sọ́tọ̀: no venga ni fún ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún, no vengan sì ni fún ọ̀pọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, no vengáis ni a ń sọ fún ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀.

4.0 Arọ́pò-Orúkọ Àbọ̀
Nínú dilo ‘sọ ọ́’, lo wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú àyísódì, ó ń bọ́ síwájú: no lo digas ‘má sọ ọ́’.

5.0 Ìkádìí
Kí olùkọ́ má ṣe ti ara di tàbí ven bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Digo àti vengo ni kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí inú wọn ni àyísódì ti ń jáde.