Kí Igbó Má Tún Hù Lẹ́yìnkùlé Wa



Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, bí òjò bá ti ń rọ̀, àdá a bọ́ sọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó yípo, ibi tí a ṣán ti tún di igbó. Inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ejò ti ń dọdẹ eku, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì ni ọmọ ń gbà lọ sí ṣáláńgá lóru.

Ìdí tó fi ń hù padà ni pé àdá kò dé gbòǹgbò. Oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sínú gbòǹgbò ló fi ń rú. Ẹ wo dóńgóyárò: ẹ gé ẹyọ kan, ẹ̀hù bíi mẹ́fà a yọ lára kùkùté rẹ̀.

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1937 ló wọ Nàìjíríà, mọ́ irúgbìn igi mẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Siri Láńkà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ káàkiri, nítorí náà, ẹ hú u kó tó tanná. Ẹ̀kan ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù iná: bí a bá sun ún, gbòǹgbò funfun abẹ́ ilẹ̀ a tún rú jáde.

Kí ni ṣíṣe?

1. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fi ọkọ́ tàbí dígà wú kùkùté. Ẹ ṣa gbòǹgbò ẹ̀kan, kí ẹ sá a sóòrùn.

2. Bí kùkùté bá tóbi jù, ẹ máa ṣẹ́ ẹ̀hù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra. Ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò. Bí kò bá rí ewé, ebi á pa á kú.

3. Ẹ máa gbá ẹ̀bá ògiri mọ́ tónítóní. Níwájú díẹ̀, ẹ gbin ẹ̀gúsí tí àwa ará Ìbàràpá mọ̀ dáadáa, tàbí ọ̀dùnkún, kó bo ilẹ̀. Ẹ̀kan kò fẹ́ ibòji.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn apakoríko. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 1, 2024. Ewé nìkan ló ń jó, kì í pa gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e mì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má rọ oògùn kankan sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì fọ́n ọn sẹ́bàá kànga.

Bí ejò bá ṣán ènìyàn, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́gán.

Ànábì wa (SAW) kọ́ wa pé mímú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ọ̀nà ṣáláńgá ilé wa náà wà nínú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa, àmín.