Iyọ̀: Ohun Kékeré Tó Di Ńlá

Iyọ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lójú ewé Yorùbá wa lọ́tẹ̀ yìí. Ojoojúmọ́ là ń bù ú sọ́bẹ̀ láìkà á sí, bẹ́ẹ̀ ó ti dá ọjà sílẹ̀, ó ti mi ìjọba, ó sì ti bí ọ̀rọ̀ sínú èdè.

Kí ẹ̀rọ amóhuntutù tó dé, iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran àti ẹja. Ó ń fa omi inú wọn jáde, kòkòrò tí ń mú nǹkan rà kò sì lè gbèrú níbi tí omi kò sí. Ẹni tó ní ẹja oníyọ̀ lè rìnrìn àjò, ó sì lè la ìgbà ọ̀wọ́n kọjá.

Ìdí nìyí tí iyọ̀ fi di ọrọ̀ àti agbára. Nígbà tí Ibn Battuta dé Taghaza ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọdún 1352, òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi bò wọ́n lórí. Ní Íńdíà, Gandhi fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 385 kìlómítà lọ sí etí òkun Dandi ní ọdún 1930, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú ṣe iyọ̀ fúnra wọn.

Nítòsí wa, ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, àwọn obìnrin ló ń ṣe é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a ha ilẹ̀ oníyọ̀, wọn a kó o sínú agbọ̀n, wọn a da omi sí i. Omi tó bá sẹ́ jáde ni wọ́n ń sè títí iyọ̀ yóò fi kù nísàlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń jẹ igi púpọ̀, igi etí ọ̀sà tí ẹja ń sá pamọ́ sí sì wà nínú ewu.

Ẹ wá wo ti èdè. Láti inú «sal», iyọ̀ lédè Látìn, ni «salaire», «salade» àti «sauce» ti wá lédè Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń san owó àwọn ọmọ ogun Róòmù. Òótọ́ ni pé «salarium» bá «sal» tan, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àtijọ́ tó sọ gbangba pé iyọ̀ ni wọ́n fi sanwó.

Tiwa náà ńkọ́? Nígbà tí ṣúgà dé, àwọn baba wa pè é ní iyọ̀ òyìnbó: ohun tuntun wọ aṣọ orúkọ àtijọ́. Níbi ìkómọjáde, a ń fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu wò kí ayé rẹ̀ lè dùn, a sì ń fi iyọ̀ àti ayọ̀ dárà nínú àdúrà. Àdúrà rere ni. Síbẹ̀, ìjọra ohùn nìkan kò tó láti fi hàn pé gbòǹgbò kan náà ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kọ ìtàn ọ̀rọ̀ kan sínú mémoire rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀rí. Ìtàn tó dùn létí kò fi dandan jẹ́ òótọ́.