Ọmọ Ọlọ́jà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Òwò: Ohun Tí Ojú Ń Rí ní Táàmù Kìíní

  

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwò báyìí, níbi tí wọ́n ti ń gba oyè M.B.A. Owó ẹja, owó aṣọ, owó èlùbọ́ la fi ń rán wọn lọ. Ọmọ á di ẹrù, a ó gbàdúrà fún un, ó di ọ̀nà. Kí oṣù kan tó pé, ọmọ ti ń fi ohùn ẹkún pe ilé. Ṣé kì í kàwé ni? Ṣé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ ni? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní táàmù kìíní yìí kò yé ọ̀pọ̀ òbí, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a là á yé ara wa.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Epo pupa ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kì í gba ipò kejì láti kékeré, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́rin kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ òwò kan ní Èkó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pe ìyá rẹ̀ lóru, ó ní, "Màámi, mo fẹ́ padà sílé. Gbogbo àwọn tó kù ló mọ̀ ọ́n, èmi nìkan ni mi ò mọ nǹkan kan." Ìyá náà dákẹ́. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tó wà lọ́kàn òun ni pé, "Kí ni èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ka M.B.A.?" Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá bá a.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KỌ́ WỌN

Ilé ẹ̀kọ́ òwò kò jọ ilé ìwé tí àwa mọ̀, níbi tí tíṣà ti ń kọ ọ́ sójú pátákó tí ọmọ ń dà á kọ. Ilé ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, ló sọ ọ̀nà ìkọ́ni kan di olókìkí, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òwò káàkiri ayé sì ń tẹ̀lé. Lagos Business School tiwa níbí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, náà ń lò ó. Kéèsì ni wọ́n ń pe ọ̀nà ọ̀hún.

Kí ni kéèsì? Ìtàn ilé iṣẹ́ kan ni: ohun tó ń tà, owó tó ń wọlé, owó tó ń jáde, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń bá a du ọjà. Ìtàn náà á dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti sú ọ̀gá ilé iṣẹ́, á sì dúró síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa sọ ohun tí òun ìbá ṣe bó bá jẹ́ òun ni ọ̀gá. Ó lè tó méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba ojú ewé mẹ́wàá sí ogún. Kó tó di pé wọ́n wọ kíláàsì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kà á.

Ní Harvard, nǹkan bí 90 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà ní gbogbo ọdún kìíní. Olùkọ́ lè ṣàdédé nawọ́ sí ẹnì kan pé, "Ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀." Máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ lórí ohun tó bá sọ ní kíláàsì lè tó ìdajì gbogbo máàkì. Ẹni tó kàwé títí tó wá ń dákẹ́ dà bí ọlọ́jà tó kó ọjà dé tó fi aṣọ bò ó. Ta ló fẹ́ rà á? Ẹ má sì gbàgbé pé 1963 ni Harvard ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọ ọdún kìíní M.B.A. yìí, àwọn mẹ́jọ péré ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ wa obìnrin.

OHUN TÓ Ń DẸ́RÙ BÀ WỌ́N

Ohun kìíní ni pé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ló ń rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan: ìwé ìṣirò owó, bí a ṣe ń wá owó ṣòwò, bí a ṣe ń polówó ọjà, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti bí a ṣe ń darí ènìyàn. Ìkejì, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti ń gba ipò kìíní níbi tó ti ń bọ̀. Kò sì sí bí gbogbo wọn ṣe máa gba ipò kìíní. Ìkẹta, èyí tó ti ṣiṣẹ́ báńkì gbọ́ èdè àkáǹtì, èyí tó ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà kò gbọ́ ọ. Ìkẹrin, táàmù kò tíì lọ jìnnà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wá yan àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tó dúró sí á tún máa sáré kiri.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé ọmọ ya òpè? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó iṣẹ́ jọ ju ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe lọ ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń mú èyí tó ṣe pàtàkì nínú èyí tó pọ̀, àti bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣe é.

ỌGBỌ́N TÓ WÀ NÍDÌÍ ÀTẸ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá elépo. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Èwo ló le jù níbẹ̀?" Ọmọ ní kéèsì kan wà tí ìwé fi hàn pé ilé iṣẹ́ náà jèrè, síbẹ̀ kò rówó san fún òṣìṣẹ́. Òun ò mọ bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín. "Èyí náà ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé o ò mọ àwìn ni?"

Ló bá ṣírò ó fún un lórí fóònù. Ká ní mo ra epo kẹ́ẹ̀gì 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦30,000. Ìyẹn ₦300,000. Owó mọ́tò àti owó alábàárù jẹ́ ₦10,000. Mo tà á ní ₦36,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ₦360,000. Èrè mi jẹ́ ₦50,000, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì 6 ni wọ́n san owó rẹ̀, ₦216,000. Wọ́n ra 4 tó kù láwìn. Mo ná ₦310,000, ₦216,000 ló wọlé. Ìwé ní mo jèrè, ₦94,000 sì ti dín nínú owó tí mo fi lọ sọ́jà. Títí dìgbà tí àwọn onígbèsè bá san ₦144,000 tó wà lọ́wọ́ wọn, ìwé nìkan ni èrè mi wà.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Màámi, ohun tí wọ́n fi wákàtí méjì sọ lánàá nìyẹn." Nígbà tó di kíláàsì, ó nawọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, epo pupa ló sì fi ṣàlàyé.

BÍ ẸSẸ̀ ṢE Ń RÍLẸ̀

Ohun tí a rí gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ti là á kọjá nìyí:

1. Kí ọmọ tètè wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé, bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí wọ́n jọ yẹ kéèsì wò kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Àáró ni, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe é: lónìí nínú oko tèmi, lọ́la nínú oko tìrẹ. Ẹni tó mọ ìṣirò á fi han ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ.

2. Kí ó sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó ni ẹnu á ṣe máa wúwo tó.

3. Kí ó béèrè ohun tí kò yé e kíákíá. Abèèrè kì í ṣìnà.

4. Kó má fi ara rẹ̀ wé gbogbo ènìyàn, kó má sì sáré tẹ̀lé gbogbo ilé iṣẹ́ tó bá dé. Kó mú méjì tàbí mẹ́ta tó wù ú lóòótọ́.

5. Kó sùn. Ọpọlọ tí kò sùn kò lè ṣírò.

ÀWA ÒBÍ Ń KỌ́?

Ẹ má pè wọ́n lójoojúmọ́ láti béèrè ipò tí wọ́n gbà. Ẹ jẹ́ kí táàmù kìíní kọjá ná kí ẹ tó ní kí wọ́n wá ṣe ìnáwó ẹbí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Èyí tó ga jù: ẹ má sọ pé ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ogún ọdún, orúkọ ló yàtọ̀.

Àmọ́ ṣá, ọ̀nà méjì lọ̀rọ̀ yìí ń gbà. Ọmọ elépo yẹn parí táàmù kìíní. Kò gba ipò kìíní, àárín ló wà, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tó wálé fún Kérésì, ó ní kí ìyá òun gbé ìwé tó ń kọ gbèsè sí wá. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwìn tó wà níta ju epo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìyá tó la ọmọ lóye nípa àwìn kò mọ̀ pé àwìn ti fẹ́ gbé òun náà mì. Láti ìgbà náà, ó ti ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, kò sì tún tajà láwìn fún ẹni tí kò tíì san ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ òwò, kó pè é lálẹ́ òní. Kó má béèrè ipò o. Kó béèrè kéèsì.

Ọjà á tà o.