Ẹ̀FỌN LÓ Ń ṢÀ WÁ BÍ ÀGBÀDO!
Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Kásìmáawòó. Ta ni kò mọ irú orúkọ báyìí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Orúkọ àbíkú ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn gbà lónìí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń tẹ̀ bí dòjé, tó ń dí ojú iṣan, tí eegun á máa ro wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: àrùn tó ń pa ọmọ kí ó tó dàgbà bímọ, kí ló dé tí kò tíì tán láàárín wa? Ó yẹ kó ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́, àbí?

Ẹ wo àgbẹ̀ ná. Bó bá fẹ́ gbin àgbàdo, á ṣa èyí tí ọmọ rẹ̀ kún dáadáa, á pa á mọ́ fún irúgbìn. Lọ́dún 1859, òyìnbó kan, Charles Darwin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ayé náà ń ṣàṣàyàn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lójú. Ẹ̀dá tí ara rẹ̀ bá ibi tó ń gbé mu ló ń yè, tó ń bí irú ara rẹ̀. Èyí tí kò bá a mu á máa dín kù. Bí ìran ti ń gorí ìran, ẹ̀dá á máa yí padà díẹ̀díẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ni àgbẹ̀ náà. Dókítà Anthony Allison, tó dàgbà ní Kenya, fi hàn lọ́dún 1954 pé ibà kì í rí ọmọ AS gbé ṣe bó ṣe ń ṣe AA. Ibà ń pa AA, fòníkú-fọ̀ladìde ń pa SS, AS ń bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń bímọ. Ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, níbi tí ibà ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1951, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́tàlá ni. Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó tó dà mọ́ tiwọn náà wà lára ohun tó fà á.

Ààbò ni fún àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Bí ọmọkùnrin AS láti Ọ̀yọ́ bá fẹ́ ọmọbìnrin AS ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Kì í ṣe ọmọ kẹrin nìkan o! Àkọ́bí lè jẹ́ ẹ, kí èkejì tún jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó rán aṣọ ẹbí, ẹ ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ìfẹ́ tó wọra ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì pe ọmọ tó ń ṣàìsàn ní àbíkú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, torí ọ̀pọ̀ irú wọn ló ti di bàbá àti ìyá ọmọ lónìí.