Ọba tí ogun bí: Bí Ayédé-Èkìtì ṣe di ìlú

Ìyá wa àgbà ní Òmù kì í dárúkọ Ayédé láìrẹ ohùn wọn sílẹ̀ díẹ̀. "Ìlú Atá" ni wọ́n ń pè é. Mo ti dàgbà kí n tó ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà kò jìn láti Òmù dé Ayédé, iṣu kan náà la jọ ń gbìn, ẹnu wa ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Ìkọ̀lé ní Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọ̀yẹ́ ní Ọlọ́yẹ́, Ìdó ní Olójùdó. Oyè ọba wọn ti ara orúkọ ìlú jáde. Atá, oyè ọba Ayédé, kò bá wọn mu. Ẹni tó bá ń wá irú oyè bẹ́ẹ̀ yóò rìn títí dé Ìdá, lọ́dọ̀ àwọn Ígálà. Oyè yẹn nìkan ti tó sọ fún ni pé ọba yìí kò gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn yòókù gbà wọ ààfin.

Ìlú Ìyè ni àwọn tó tẹ Ayédé dó ti wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, kò sí ẹni tí ó tún lè pàṣẹ fún ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìlọrin ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, Ìbàdàn kún fún ọmọ ogun, àwọn Tápà sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá lórí ẹṣin. Kì í ṣe ilẹ̀ ni Tápà ń wá ní Èkìtì. Ènìyàn ni. Ẹni tó bá jí lọ sóko lè má padà jẹun alẹ́. Ẹbí rẹ̀ yóò bá ọkọ́ àti agbọ̀n nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin yóò sì ti pa ebè rẹ́. Ìyè wà lára àwọn ìlú tí ogun náà fọ́.

Jagunjagun kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí. Òun ló kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ, tó sì tẹ̀ wọ́n dó sí Ayédé ní nǹkan bí ọdún 1845. Kì í ṣe pé àwọn afọbajẹ Ìyè difá, kí wọ́n tó mú un nínú àwọn ọmọ ọba. Ogun ló fi í joyè. Ní ìgbà tí ìyá ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nínú igbó kí Tápà má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀, ẹni tó lè gba ìyá àti ọmọ là ni ọba.

Ó yẹ ká mọ bí ọba Èkìtì ṣe ń jọba tẹ́lẹ̀, kí a tó lóye ohun tí Èṣùbíyìí ṣe. Ọba aládé ni, òòṣà sì ni, ṣùgbọ́n kò lè dá ogun sílẹ̀, kò sì lè dá a dúró, láìjẹ́ pé Ìwàrẹ̀fà, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè àgbà, fọwọ́ sí i. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀ àti òòṣà tirẹ̀. Ètò tó dára ni ní ìgbà àlàáfíà. Mo tilẹ̀ gbà pé kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹṣin Tápà kì í dúró kí ìpàdé ó parí.

Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà. Ẹni tó fẹ́ yìn ín yóò kọ́kọ́ nàró, yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi òwú dí i, yóò fi ọ̀pá tì í wọlé, yóò ju ọta sí i, yóò tún fi ọ̀pá tì í, lẹ́yìn náà ni yóò bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí òkúta ti ń ṣáná. Bí òjò bá kán sí i, igi lásán ló dì mú. Ẹlẹ́ṣin á ti dé ọrùn rẹ̀ kó tó ṣe tán. Ẹni tí kò ní odi àti yàrà níwájú, tí kò sì ní ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn tí yóò máa yìn ín tẹ̀léra wọn, òkú ni. Ìbọn ò sì tíì pọ̀ ní Èkìtì nígbà náà. Ọfà àti ọ̀kọ̀ ló pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, odi, àti ẹnì kan tó ń pàṣẹ: ohun tí Èṣùbíyìí kó jọ nìyẹn.

Orúkọ àwọn àdúgbò Ayédé ṣì ń sọ bó ṣe kó wọn jọ. Owáyè ni ti àwọn ará Ìyè. Ìsàoyè wà níbẹ̀, Èjìgbò náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọba ń sọ fúnra rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ọba gan-an ni òun ń wo. Láti inú odi yìí ni Èṣùbíyìí, tó ti di Atá, ti ń jáde lọ jagun, tó ń kó àwọn ìlú kéékèèké sábẹ́ ara rẹ̀, tó ń kó ẹrú wálé láti roko àti láti jagun. Ó bá Ìbàdàn ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ń sunkún lábẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. N kò lè yìn ín láìrántí pé àwọn tó kó lẹ́rú náà ní ìyá nílé. Ohun tí Tápà ṣe fún Ìyè lòun náà ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíì, ìyẹn ni ìyá wa àgbà fi ń rẹ ohùn sílẹ̀.

Kì í ṣe ibí nìkan ni ẹ̀rù ti bí irú ọba bẹ́ẹ̀. Ṣáká, ọba Súlù tí wọ́n pa ní 1828, náà ń sọ àwọn tó bá ṣẹ́gun di ọmọ ogun tirẹ̀. Èkìtì yòókù wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1878, jagunjagun kan, Fábùnmi, ta ko ìyà tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń jẹ wọ́n ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹgbẹ́ ogun Èkìtì-Parapọ̀ sì dìde. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló wá ṣe olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí kò nílò ọ̀pá. Wọ́n bá Ìbàdàn fà á nínú ogun Kírìjì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ìlú púpọ̀, ọba púpọ̀, ogun kan. Ti Atá yàtọ̀: ìlú púpọ̀, ọba kan.

Ní 1897 ni òyìnbó ilé-iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Bídá, olú ìlú àwọn Tápà, tí ìdí tí wọ́n fi mọ odi Ayédé kò sí mọ́. Odi lè wó. Ohun tí kò wó ni Yemọja.

Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: kí ni Yemọja, tó ni odò Ògùn, ń ṣe láàárín òkè Èkìtì? Èṣùbíyìí ló gbé e ga di òòṣà ọba. Ọba tuntun kò lè máa sin òòṣà ìdílé ọba àtijọ́, kó sì retí kí wọ́n gbàgbé ibi tó ti wá. Andrew Apter, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gbé Ayédé ní àwọn ọdún 1980, ṣàlàyé ọdún Yemọja nínú ìwé rẹ̀, Black Critics and Kings, tó jáde ní 1992. Aboròòṣà yóò ru igbá Yemọja láti inú igbó wọ ìlú. Igbá náà kò gbọdọ̀ já bọ́. Gbogbo ojú ló ń wo ọrùn rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí inú igbá yẹn ni agbára ọba wà títí ó fi dé ààfin, tí yóò sì súre fún Atá.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Owáyè ní Olóòkè tiwọn, òòṣà tí wọ́n gbé kúrò ní Ìyè lọ́jọ́ tí ogun dé. Nígbà tí ọdún rẹ̀ bá kò, wọ́n á wọ aṣọ wọn, wọ́n á jáde, wọ́n á sì pe orúkọ àwọn ọba tó jẹ ní Ìyè kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Èṣùbíyìí.