Bí Àyà Bá Ń Lù Ségesège

 Bí àyà bá ń já wa, a máa ń pè é ní iṣẹ́ ayé. Ẹ fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Tí àgbà bá jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ló yẹ. Bó bá ń lù ségesège, ẹ lọ ọsíbítù fún àyẹ̀wò ECG. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Oògùn wà tó ń mú ọkàn rọlẹ̀, òmíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má pò ó mọ́ àgbo, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Alààyè ló ń ná ọjà.